Ojú Ọ̀run Inú Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin

                                        Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                        Ilé Kọkàndínlógún,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òtútù orí òkè, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ìrọ́jú ẹni wa tó lọ. Ṣé ara yín le? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé ó ti gbà fún yín láti máa gun àtẹ̀gùn ilé, àbí ẹ ṣì ń fi ìdí gùn ún bí ọmọ ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ tí mo fi rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí mi láyà? Ọmọ yín tó ń ránṣọ ńkọ́, àti ọmọ rẹ̀ tó máa ń fa ìka mu? Mo gbàdúrà pé kí gbogbo yín wà ní àlàáfíà. Ní tèmi, ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń fá irùngbọ̀n mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi yáa kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìbéèrè tí ẹ fi parí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. Ẹ ní nígbà tí àbúrò yín, ìyàwó mi, wá kí yín kẹ́yìn, ó tẹ́ ẹní sínú àgbàlá yín, ó dùbúlẹ̀, ó ń wòkè títí ẹ fi rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Àfi ìgbà tó na ìka sókè, tó bi yín pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ojú ọ̀run yín fi dúdú tó báyìí? Ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wa jọ ń lò?” Ẹ ní ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé kó dìde wá bá yín ká aṣọ lórí okùn. Ẹ ní láti ọjọ́ tó ti kú ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn yín, pé ohun kan ṣoṣo tó béèrè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ kò fún un. Ẹ wá ní bóyá èmi mọ ìdáhùn rẹ̀.

N kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Èmi káfíńtà, kí ló kàn mí kan ojú ọ̀run? Ilẹ̀ ni mo máa ń wò, nítorí ìṣó. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, bí mo sì ṣe mọ̀ ọ́n ló mú kí lẹ́tà yìí gùn. Ẹ fi ìrọ̀rí sẹ́yìn kí ẹ jókòó dáadáa.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ tí àbúrò yín ń ṣe kẹ́yìn ni àjà wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn tó wà lópin òpópónà wa. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kun àjà náà bí ojú ọ̀run, nítorí àwọn tí egungun wọn kán ló pọ̀ níbẹ̀. Wọn kò lè yí ara padà, àjà ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èmi ni mo kan àkàbà méjì àti pákó gígùn tó ń dùbúlẹ̀ lé lórí. Ó kun ìdajì, láti ẹnu ọ̀nà dé àárín wọ́ọ̀dù. Ìdajì ṣì kù nígbà tí àìsàn náà dé. Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n.

Odindi oṣù mẹ́wàá ni àjà náà fi wà bẹ́ẹ̀, apá kan búlúù, apá kan sìmẹ́ǹtì. N kò débẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú ilé ìwòsàn, òdìkejì títì ni mo máa ń gbà, bí ọkùnrin tó ń sá fún àna rẹ̀. (Ẹ má bínú.)

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé kí n wá kó àkàbà mi. Àwọn bẹ́ẹ̀dì tuntun ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́ọ̀dù náà sì gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó dé. Dókítà àgbà ti pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun gbogbo àjà, ti búlúù àti ti sìmẹ́ǹtì, kí gbogbo rẹ̀ lè rí bákan náà. Obìnrin náà kò lè wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n dókítà ní ìdajì ojú ọ̀run kì í ṣe ojú ọ̀run.

Mo gbé orí sókè. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò wo àjà yẹn dáadáa rí nígbà tí àbúrò yín ń kùn ún. Ẹsẹ̀ àkàbà ni mo máa ń tẹjú mọ́ kó má baà yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ń ṣe lókè nígbà tí mo ń di àkàbà mú nísàlẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di ọjọ́ Ẹtì, èmi ni màá kun èyí tó kù. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ti kun ilé rí. Mo ní mo ti kun àpótí.

Ó ní, “Àpótí.” Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí kò bá bá ara mu, funfun ni o.”

Àbúrò yín kò kọ ìwọ̀n ọ̀dà tó ń pò sílẹ̀ níbì kankan. Ojú rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú àwọn agolo rẹ̀ sì ti gbẹ di òkúta. Mo wá lo ọgbọ́n káfíńtà. Mo gbé àkàbà ti ògiri níbi tó rọrùn, mo fi ọ̀bẹ họ ìpẹ́ ọ̀dà kan tí kò ju èékánná lọ, mo fi ìwé dì í, mo gbé e tọ ọlọ́dà tí gbogbo wa ń pè ní Gbà-Mí-Gbọ́ lọ. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, bí ẹ bá tilẹ̀ bi í níbi tí aago dé. Ó po ọ̀dà kan fún mi, mo kùn ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bá ti àbúrò yín mu bí ilẹ̀kùn tó wọ férémù. Inú mi dùn. Mo ń tẹ̀ lé ojú ibi tí tirẹ̀ parí sí, mò ń fi rólà bọ̀ láàárín, mo sì ń súfèé. Ìgbà tí mo fi máa jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ mẹ́fà, mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀dà mi ti ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn fún ọdún kan.

Mo fi ìbínú padà lọ bá Gbà-Mí-Gbọ́. Mo ní ó ti bu omi sí ọ̀dà mi.

“Gbà mí gbọ́, omi kan ò kàn án!”

Mo ní kí ló wá dé tó fi dáa létí ògiri, tó bàjẹ́ láàárín?

“Gbà mí gbọ́, bóyá àjà yẹn gan-an ni ara rẹ̀ ò yá. Ṣebí ilé ìwòsàn ló wà?”

Gbogbo àwọn tó wá ra ọ̀dà bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo tún họ ìpẹ́ mìíràn, láàárín àjà lọ́tẹ̀ yìí. Ó bá àárín mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sún mọ́ ògiri, ó dúdú jù, bí ẹni pé wọ́n da aró síbẹ̀. Ẹ bá mi wò ó. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kan tábìlì, ohun tí mo mọ̀ ni pé bí pákó bá nípọn tó íǹṣì kan lórí, íǹṣì kan náà ni yóò jẹ́ nídìí. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé búlúù orí àjà kan ṣoṣo lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Mo jókòó sórí pákó, mo gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Ọjọ́ méjì péré ló kù, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀dà funfun lójú mi.

Ìgbà náà ni ohùn kan dún láti orí bẹ́ẹ̀dì, ní ìdajì wọ́ọ̀dù tí àwọn aláìsàn wà.

“Ọkọ Akunlé! Ṣé ẹkún lo fẹ́ sun ni, àbí o fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́?”

Ìyá Olùkọ́ ni wọ́n ń pe ìyá náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán, ó sì ti fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko lábẹ́ àjà àbúrò yín. Ó ní òun ti ń wò mí láti àná bí mo ṣe ń ṣe ara mi, òun kò kàn fẹ́ dá sí i nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó ń pa òun lẹ́rìn-ín nínú wọ́ọ̀dù. Ó bi mí pé búlúù mélòó ló wà lórí àjà. Mo ní ọ̀kan.

“Òdo nínú mẹ́wàá. Jáde lọ wo ojú ọ̀run, kó o padà wá.”

Mo ní, “Màmá, mo mọ ojú ọ̀run.”

“Òrùlé lo mọ̀. Jáde!”

Mo jáde sínú ọgbà ilé ìwòsàn. Mo kọ́kọ́ wo ọ̀kánkán, lókè àwọn ilé tó wà lọ́nà jíjìn. Búlúù ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Mo gbé ojú sókè díẹ̀, ó ki díẹ̀. Mo gbé e sókè sí i, ó ki sí i. Ìgbà tí mo wo òkè tààrà tí fìlà mi fi jábọ́, ibẹ̀ ló ki jù lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ́ nǹkan yìí ni wọ́n bí mi sí, n kò rí i rí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín nínú ọgbà débi pé awakọ̀ áńbúláǹsì rọra sọ̀ kalẹ̀, ó bi mí bóyá wọ́n ń wá mi nínú wọ́ọ̀dù kan.

Mo padà wọlé, mo sọ ohun tí mo rí. Ẹ wá gbọ́ bí Ìyá Olùkọ́ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ìdáhùn ìbéèrè yín nìyí.

Ó ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó jọ pé ó funfun yẹn, gbogbo àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀; òṣùmàrè ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ a máa fọ́n búlúù ká ju pupa àti ìyeyè lọ. Ìdí nìyẹn tí búlúù fi ń wọ̀ wá lójú láti gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n eruku àti èéfín àti ìrì tó ń fò kiri kò mọ yíyàn. Gbogbo àwọ̀ ni wọ́n ń fọ́n ká bákan náà, bí gbogbo wọn bá sì ti dàpọ̀, funfun ni wọ́n ń dà. Ó ní, “Ìwọ tó o ń po ọ̀dà, eruku ni funfun tí wọ́n ń bù sí búlúù ojú ọ̀run.” Bí a bá wo ọ̀kánkán, afẹ́fẹ́ tí ojú wa ń gbà kọjá pọ̀ gan-an, eruku rẹ̀ sì pọ̀, ìmọ́lẹ̀ á ti fọ́n ká léraléra kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, búlúù rẹ̀ á ti ṣá. Bí a bá wo òkè tààrà, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò tó ti ọ̀kánkán, búlúù á sì ki. Òjò ńlá náà a máa fọ eruku kúrò, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi máa ń mọ́ rekete lẹ́yìn rẹ̀. Ní orí òkè bíi tiyín wàyí, eruku àti afẹ́fẹ́ tó nípọn ti wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín. Èyí tó kù lókè orí yín kéré, òkùnkùn tó wà lẹ́yìn ojú ọ̀run sì ti ń yọjú sí yín díẹ̀díẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó dúdú nìyẹn. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa jọ ń lò lóòótọ́, àbúrò yín kò ṣì í. Ibi tí a ti ń wò ó ni kò dọ́gba.

Mo bi Ìyá Olùkọ́ bóyá ó dá a lójú. Ó ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òun fi kọ́ àwọn ọmọ tí orí wọn le ju tèmi lọ.

Ó wá ní ohun kan ṣoṣo ni kò yé òun. Ó ní búlúù tó wà létí ògiri, ti ìlú yìí ni, òun mọ̀ ọ́n. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, ti ìlú yìí ni, lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín gan-an, òun kò rí irú rẹ̀ rí nílùú yìí láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí òun ti wà láyé. “Níbo nìyàwó rẹ ti rí i?”

Mo rántí lẹ́tà yín. Mo rántí pé ní ọjọ́ tó ti ọ̀dọ̀ yín dé, kò bọ́ bàtà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í po ọ̀dà. Mo bi í pé kí ló ń lé e, ó ní òun kò fẹ́ gbàgbé ni. Mo ní gbàgbé kí ni? Ó ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná.

Ojú ọ̀run yín ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó wà lókè àgbàlá yín ni àbúrò yín gbé wá sí àárín àjà wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, tó sì fi ti ìlú wa yí i ká. Òótọ́ ni pé ẹ kò dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò dúró de ìdáhùn. Ó ti dì í mọ́ ẹrù rẹ̀, ó sì ti gbé e wálé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín mọ́.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti di ti gbogbo ilé. Mo lọ bẹ Gbà-Mí-Gbọ́ pé mo ti fẹ̀sùn èké kàn án. Ó ní, “Gbà mí gbọ́, mo ti mọ̀,” ó sì fúnra rẹ̀ gbé agolo búlúù tó ki jù lọ wá, pẹ̀lú ọ̀dà funfun. A to bákẹ́ẹ̀tì méje. Èkíní, búlúù lásán. Èkejì, a bu ife funfun kan sí i. Ẹ̀kẹta, ife méjì. Bẹ́ẹ̀ títí dé èkeje. Mo kun ọ̀kọ̀ọ̀kan sára pákó péńpé, nítorí pé ọ̀dà tútù a máa parọ́. Ó di ìgbà tó bá gbẹ kó tó sọ òótọ́. Mo ń na àwọn pákó náà sókè mọ́ àjà, Ìyá Olùkọ́ sì ń dájọ́ láti orí ìrọ̀rí.

“Ó ṣá! Bù ú sí i! Kí lò ń ṣahun sí, ṣé ojú ọ̀run bàbá ẹ ni?”

Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ìyàwó awakọ̀ kan tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò gbà fún un. Ó ní èyí tí mo nà yẹn gan-an ló dáa. Ìyá Olùkọ́ ní ẹni tí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ lábẹ́ àjà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìyẹn ní, “Ẹ̀yin lẹ ni bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ ò ni àjà!” Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà débi pé ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dìbò. Àwọn obìnrin méjìlá, kò sí èyí tó lè dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbogbo wọn ń nà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ìbò yan búlúù kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ṣòro ni pé búlúù méje kò gbọ́dọ̀ hàn bí ìlà méje. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fa ọ̀kan wọ inú èkejì kí wọ́n tó gbẹ, bí mo ṣe máa ń fi sáńpépà pa ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé rẹ́. Ọrùn ro mí, ọ̀dà kán sí mi nímú, mo wá mọ ohun tí àbúrò yín ti fi ara rẹ̀ ṣe. Gbà-Mí-Gbọ́ ló di ẹsẹ̀ àkàbà mú ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kò sì wòkè lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, mo ti kan ògiri.

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì àti dókítà àgbà ti wọlé. Dókítà náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé orí sókè, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, ó rìn padà, ó fi orúnkún gbá bẹ́ẹ̀dì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn ó bi mí pé ibo ni ìyàwó mi kùn dé, ibo ni èmi ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Mo na ìka sókè. Mo sún síwájú, mo sún sẹ́yìn. Ìyá Olùkọ́ ní kí n dùbúlẹ̀, ó ní ẹni tó dúró kò mọ nǹkan kan nípa àjà. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì òfìfo kan pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi, ọ̀gá nọ́ọ̀sì kò sì bá mi wí. Èmi tí mo kùn ún, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì wà nínú irun mi, mo wá ibi tí ọwọ́ àbúrò yín parí sí. N kò rí i.

Mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹkún náà kò wúwo. Dókítà ní kí wọ́n dá ọ̀dà funfun padà síbi tí wọ́n ti gbé e wá. Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ìyá Olùkọ́ fún mi ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó ní imú tí mo ń fọn ló gba ọ̀kan.

Ìròyìn kan ṣì kù. Àwọn ọkùnrin tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì ti gbọ́. Wọ́n ní kò bójú mu kí àwọn máa wo sìmẹ́ǹtì nígbà tí àwọn obìnrin ń wo ọ̀run. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní kí n kun tiwọn náà, mo sì ti gbà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dìbò fún, nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ẹ bá mi wo tiyín ní ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ má fo àwọ̀ kankan. Kò sí ojú mìíràn tí mo lè fi wò ó.

Ẹ bá mi kí ọmọ yín tó ń ránṣọ, ẹ bá mi fa ìka lẹ́nu ọmọ-ọmọ yín. Gbà-Mí-Gbọ́ ní kí n kí yín, ó ní kí ẹ gba òun gbọ́. Ìyá Olùkọ́ ní kí ẹ rọra máa na orúnkún yẹn láràárọ̀, àṣẹ ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Èmi ni, tiyín ní òjò, tiyín ní ẹ̀ẹ̀rùn,
Àna yín,
Ọkọ Akunlé.